Àpótí Tó Ń Gbọ́ Èémí Túnráyọ̀

Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹfà, 1988. Agbówó.

A ti gbé ọmọ dé ilé. Kì í ṣe pé ó ti tó gbé wálé o. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ló daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí oníkálukú máa gbé èèyàn rẹ̀ lọ. Oṣù méje péré ló lò nínú ìyá rẹ̀. Kò wúwo ju búrẹ́dì lọ, síbẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e bíi pé àpò sìmẹ́ǹtì ni.

Nọ́ọ̀sì Bọ́láwùmí, tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ tó dáyé, sìn wá dé ẹnu géètì. Ó ní, "Bàbá Túnráyọ̀, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé máa ń gbàgbé láti mí. Bó bá ti dákẹ́, ẹ fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, á rántí. Ṣùgbọ́n ojú ò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ o." Mo bi í pé títí dìgbà wo. Ó ní títí dìgbà tó yẹ kí wọ́n bí i gan-an, àárín oṣù kẹjọ.

Àwa mẹ́ta la ó máa wò ó: èmi, Moróunkẹ́ ìyàwó mi, àti ìyá rẹ̀ tó ti Ṣakí dé lánàá pẹ̀lú àpò gaàrí àti Bíbélì kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ Moróunkẹ́ lára kí èyí tó dúró. Ìdí tí a fi sọ ọmọ ní Túnráyọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán.


Ẹtì, 10 oṣù kẹfà

A pín ìṣọ́ láàárín ara wa, ṣùgbọ́n oorun ò mọ̀ pé a pín in. Ní ìdájí òní, èmi ni mo jókòó ti ọmọ. Mo kàn ní kí n di ojú fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí mo là á, ètè ọmọ ti ń dúdú. Mo ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fà á, ó sọkún. Èmi náà sọkún, kò sẹ́ni tó rí mi.

Mi ò sọ fún Moróunkẹ́. Ó ti rẹ òun náà débi pé ó ń bu iyọ̀ sínú tíì.

Màmá ló ń gba ọ̀sán. Bí mo bá fẹ́ wọlé wo ọmọ nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, mo máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dúró títí wọ́n á fi ní "ẹ máa wọlé." Ìyá ìyàwó ni. Èèyàn kì í lọ bá wọn nídùbúlẹ̀.

Mo ti ń ro nǹkan kan láti àárọ̀. Áísì méjì, ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ oníná, tí Wándé, ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka wa ní yunifásítì, bá mi mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó lásìkò Àjíǹde ṣì wà nínú dúróà mi. Mo ní mo fẹ́ fi mọ bí omi odò ṣe ń ga sí, láti ìgbà omíyalé ọdún 1980 ni mo ti ní i lọ́kàn. Odò á ṣe sùúrù.


Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹfà

Màmá rí áísì náà lórí tábìlì. Wọ́n ní, "Àna mi, kí ni kinní bí ẹ̀gúsí yìí?"

Mo ní, "Màmá, awọ kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Sílíkọ́nì ni wọ́n fi ṣe é. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í báyìí, á tẹ̀. Bó bá ti tẹ̀, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á yí padà. Àpò afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ tẹ́ sábẹ́ ọmọ. Bí ọmọ bá mí, àpò á mì, awọ yìí á sì mọ̀. Bí kò bá mọ nǹkan kan mọ́, aago á dún."

Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Ṣé kò ní jẹ ọmọ?"

"Kò ní ẹnu, Màmá."

"Kò sì ní etí. Kí ló wá fi ń gbọ́?"

Moróunkẹ́ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti bímọ.


Ajé, 13 oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì Bọ́láwùmí fún mi ní àpò rọ́bà inú ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru kan tó ti bàjẹ́. Ó tó ibi tí ọmọ ń sùn sí gẹ́lẹ́ lórí ibùsùn àgbà tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Mo lọ sí Dùgbẹ̀ fún wáyà, gílóòbù kéékèèké, àti rọ́bà oníhò tí afẹ́fẹ́ á gbà. Wáyà tí mo rà ní náírà méjì lọ́dún tó kọjá ti di márùn-ún. Mo ní kí ló dé, ọkùnrin tó ń tà á ní kí n lọ bi ìjọba.


Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kẹfà

NẸ́PÀ mú iná lọ, wọ́n sì dá a padà tìbínú-tìbínú. Áísì kan ti jó. Ó ku ẹyọ kan. Mi ò lè jẹun.


Ẹtì, 17 oṣù kẹfà

Mo ti yọ bátìrì inú mọ́tò Dátísọ̀n mi. NẸ́PÀ ò ní rí èyí tó kù pa. Láti òní lọ, ẹsẹ̀ ni màá máa fi rìn lọ síbi iṣẹ́, kò kúkú jìnnà. Àjàgbé, tó ń fẹ́ táyà lójúde wa, á máa bá mi fi iná kún bátìrì náà, á sì máa yá mi ní tirẹ̀ títí èyí á fi kún. Ó ní, "Ọ̀gá yunifásítì, ẹ ti wá di ẹlẹ́sẹ̀ bíi tiwa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.


Àìkú, 19 oṣù kẹfà

Ó ṣiṣẹ́!

Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ́kọ́ fi ara mi dán an wò. Mo dùbúlẹ̀ lórí àpò rọ́bà náà lórí ilẹ̀, Moróunkẹ́ ń wo mítà alábẹ́rẹ́ tí mo so mọ́ ọn. Ó ní abẹ́rẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo séèémí. Abẹ́rẹ́ dúró, aago dún, Moróunkẹ́ pariwo bíi pé mo ti kú.

Lẹ́yìn náà la tẹ́ ẹ sábẹ́ fóòmù ọmọ. Abẹ́rẹ́ ń sáré kíjikíji bí ẹni tí ajá ń lé. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó. Oúnjẹ tutù, mi ò mọ̀.


Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹfà

Aago dún láàárọ̀ bí mo ṣe ń wọ bàtà. Moróunkẹ́ wà ní ilé ìdáná, ó sáré wọlé, ó ta ọmọ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Túnráyọ̀ fà á, ó mí. Gbogbo rẹ̀ ò ju kí èèyàn pe orúkọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ.

Moróunkẹ́ dì mọ́ mi lójú ìyá rẹ̀. Màmá ṣe bíi pé àwọn ò rí i. Wọ́n fọwọ́ kan àpótí náà, wọ́n ní, "O ṣeun o, ìwọ aláìlétí."


Ẹtì, 24 oṣù kẹfà

Gbogbo wa sùn. Kò sí nǹkan mìíràn láti kọ.


Ajé, 4 oṣù keje

Mo padà dé láti ibi iṣẹ́, mo béèrè ohun tí mo máa ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí ọmọ ti dé ilé ni "ẹ kú ilé" ti parẹ́ lẹ́nu mi, "Ṣé ó ń mí?" ló gbapò rẹ̀. Moróunkẹ́ ní, "Ó ń mí. Àmọ́ ẹ̀rọ yín ti ya wèrè."

Ó ní aago dún lẹ́ẹ̀méjì lọ́sàn-án òní. Ìgbà méjèèjì tí òun sáré wọlé, ọmọ wà lọ́wọ́ Màmá lórí ibùsùn náà, ara rẹ̀ pọ́n, ó ń mí dáadáa. Lánàá náà, bẹ́ẹ̀ ni. Òun ò kàn fẹ́ dà mí lọ́kàn rú ni.

Mo tú àpótí palẹ̀, mo tún gbogbo ojú ibi tí mo ti yọ́ léèdì so wáyà pọ̀ lẹ̀. Mi ò rí àléébù kankan.


Ọjọ́rú, 6 oṣù keje

Ó tún dún lọ́sàn-án. Ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kò ní wàhálà. Ọ̀sán nìkan ni. Mo ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án tí kì í ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, ọkàn mi bá lọ sórí ẹ̀rọ tí Àjàgbé fi ń fẹ́ táyà. Ó ń mi gbogbo ilé.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa pa á lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní, "Ọ̀gá, táyà tó fọ́ lọ́sàn-án ńkọ́? Kí n ní kó lọ sùn, kó padà wá nírọ̀lẹ́?" Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tí mo sọ fún un pé nítorí ọmọ ni, ó ní òun á máa lo pọ́ńpù ọlọ́wọ́. Ọlọ́run á bù kún un.


Ẹtì, 8 oṣù keje

Àjàgbé ò tan ẹ̀rọ rẹ̀. Aago dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Wándé wá wò ó. Ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wọn gbogbo rẹ̀, ó ní áísì náà pé, wáyà pé, àpò rọ́bà ò jò. "Séyẹ, ohun tí ẹ̀rọ yìí gbọ́ ló ń sọ." Mo ní kí ló wá gbọ́? Ó ní ìyẹn ò sí lọ́wọ́ òun.

Mílíìkì ti tún gbówó lórí.


Ìṣẹ́gun, 12 oṣù keje

Mo bínú lónìí débi tí mo fi jáde lọ dúró nínú òjò.

Mo dé, mo béèrè bóyá ó ń mí, wọ́n ní ó ń mí. Mo ní ṣé aago dún? Wọ́n ní rárá. Inú mi dùn. Mo wọlé, mo rí i pé wọ́n ti yọ wáyà aago kúrò. Ta ló yọ ọ́? Moróunkẹ́ ní òun ni.

"Ìgbà tó ń purọ́ ńkọ́? Bàbá Túnráyọ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Tó bá ti ké, àyà mi á já, màá sáré, màá dé ibẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó ti dà bí ọmọ tó ń pariwo olè lójoojúmọ́."

Mo ní, "Bó bá wá di ọjọ́ tó jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá mi ń wò ó! Ojú Màmá mi ò ha ju àpótí lọ?"

Màmá wà lórí àga, wọ́n ń wolẹ̀. Wọn ò dá sí i. Kò jọ wọ́n láti má dá sọ́rọ̀. Mo so wáyà padà. Bí a ò bá lè gba ẹ̀rọ yìí gbọ́, a ti padà síbi tí a wà ní ìdájí ọjọ́ yẹn, tí ètè ọmọ mi ń dúdú tí mo sì ń sùn.


Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù keje

Mo gba àyè níbi iṣẹ́. Mo ní màá fi ojú ara mi rí i.

Láàárọ̀, mo wúkọ́ wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, Màmá wà lójókòó, ọmọ wà lórí ibùsùn, abẹ́rẹ́ ń sáré bó ṣe yẹ. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí wọ́n ń tún ṣe kí n tó wọlé ni mò ń rí, bí ìgbà tí ọ̀gá iléèwé bá kan ilẹ̀kùn kíláàsì. Mo mú wáyà gígùn, mo so mítà náà mọ́ ọn, mo gbé e jáde sí pálọ̀. Ojú mi ò ní wọ yàrá, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ á máa sọ fún mi.

A jẹun ọ̀sán. Moróunkẹ́ lọ fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Màmá wọ yàrá, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo jókòó ti mítà. Abẹ́rẹ́ ń sáré, kíjikíji. Ó ta gììrì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ń falẹ̀ sí i. Ọmọ kankan kì í mí bẹ́ẹ̀. Mo dìde. Abẹ́rẹ́ dúró.

Aago dún. Mi ò wúkọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo já wọlé.

Màmá ló dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ọmọ, wọ́n fi orí lé ìgbọ̀nwọ́, gèlè ti bọ́, ìró wà ní àyà. Túnráyọ̀ wà lórí àyà wọn, ó ń la ojú, ara rẹ̀ pọ́n. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹnu Màmá là sílẹ̀, ojú wọn dì, àyà wọn ò gbéra. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ó pẹ́. Wọ́n wá fa èémí lójijì, bí ẹni tó yọrí jáde nínú omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mí. Mo wẹ̀yìn, abẹ́rẹ́ ti gbéra ní pálọ̀.

Wọ́n la ojú, wọ́n rí mi. Wọ́n fa ìró bo èjìká, wọ́n ń wá gèlè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Moróunkẹ́ bá wa bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ ò purọ́ rí. Ẹnì kan ń dákẹ́ lórí ibùsùn yẹn lóòótọ́, a kàn ń wo ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, Moróunkẹ́ bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní ó ti lé lọ́dún kan tí èémí ti ń sé àwọn lójú oorun, tí àwọn ń ta jí. "Bí mo bá sọ, ẹ ó ní kí n padà sí Ṣakí lọ gbàtọ́jú. Ta ni yóò wá gbé ọmọ?" Mo ní, "Màmá, ibùsùn ọmọ wà fún un." Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi. "Àna mi, ọmọ tó sáré wá sáyé ṣáájú àkókò, ẹ ó tẹ́ ẹ kalẹ̀ bí ẹrù? Àyà èèyàn ló ń wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Mo bi Moróunkẹ́ pé ṣé ó mọ̀ pé orí àyà Màmá ni ọmọ ń sùn sí. Ó ní ó mọ̀, ṣebí ibẹ̀ lòun náà sùn sí nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó ní mi ò bi òun. Òótọ́ ni. Ẹ̀ka wa ni mo bi, Àjàgbé ni mo bi. Mi ò bi ilé mi.


Ẹtì, 15 oṣù keje

A gbé Màmá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Ríìnì Róòdù. Ó ní ọkàn wọn ti wú, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga. Ó fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n yé jẹ iyọ̀, kí wọ́n sì máa fi ìrọ̀rí púpọ̀ gbé ara sókè tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Mo bi í níkọ̀kọ̀. Ó ní, "Oògùn á ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò ní wo ọkàn tó ti wú sàn."

Ní Dùgbẹ̀, nínú takisí, Màmá bi mí bóyá mo fẹ́ dá wọn padà. Mo ní rárá. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú títí a fi dé Mókọ́lá. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.


Àìkú, 17 oṣù keje

Nọ́ọ̀sì Bọ́láwùmí wá wọn ọmọ. Ó ti sanra ju bí òun ṣe rò lọ. A sọ fún un nípa àyà Màmá, mo rò pé á bínú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e bẹ́ẹ̀. Mo ti kà á pé àwọn kan ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè, tó sì ń gba ọmọ là." Màmá ní kí ni wọ́n kọ sínú ìwé náà? Ó ní pé kí wọ́n máa gbé ọmọ lé àyà. Màmá ní, "Wọ́n wá ń kọ ìyẹn sínú ìwé!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èémí fi fẹ́ sé wọn.

Kí ni mo wá fẹ́ ṣe? Ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò ní àyà, Màmá ò gbọdọ̀ sùn láìsí ẹni tó ń gbọ́ wọn. Áísì kan ṣoṣo ni mo ní.


Ọjọ́rú, 20 oṣù keje

Èémí ọmọ yá, ti àgbà falẹ̀. Bí awọ kan bá gbọ́ méjèèjì pọ̀, ó yẹ kí èèyàn lè yà wọ́n. Ọ̀nà méjì ni màá là fún iná, ọ̀kan tí èyí tó yá nìkan á gbà kọjá, ọ̀kan tí èyí tó falẹ̀ nìkan á gbà. Màá fi kún agbára ọ̀nà ti ọmọ, torí ara Màmá ń bo èémí kékeré rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó dé orí àpò. Wándé ní ó ṣeé ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n kí n lọ sùn ná, ojú mi pọ́n.


Ajé, 25 oṣù keje

Ìjà lásán láti Ọjọ́rú. Lónìí ó gbà.

Iná méjì ló wà lójú àpótí báyìí, pupa fún ọmọ, aláwọ̀ ewé fún Màmá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́jú bí olówó rẹ̀ bá ṣe ń mí. Èyí tó bá dákẹ́, aago á dún, a ó wo iná ká tó sáré. Mo tan án nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ pọ̀. Mo wúkọ́ kí n tó wọlé o. Wọ́n ní kí n yé wúkọ́ mọ́, ikọ́ mi ń jí ọmọ.

Wọ́n wo àwọn iná náà pẹ́. "Èwo ni tèmi?"

"Aláwọ̀ ewé, Màmá."

"Ó ń falẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni ti àgbà ṣe ń rí."

"Ti ọmọ yìí ń sáré lọ sí ibo?" Wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Pupa ń ṣẹ́jú ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ewé tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n, inú mi dùn débi tí mo fi gbàgbé pé mo gbé ife tíì lọ́wọ́.


Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù kẹjọ

Màmá ti yọ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Aago dún, iná ewé ti dákẹ́. Moróunkẹ́ sáré wọlé, ó ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀: ó fi ìka ta ìyá rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀, tagbára-tagbára. Màmá fà á, wọ́n jí.

"Ta nìyẹn? Ta ló ń ta mí lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń ta ayò?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ gbàgbé láti mí ni."

"Kí ìwọ náà wá máa ta mí lẹ́sẹ̀! Ìwọ tí mo bí!" Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ọmọ jí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí ké. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ìyá yìí. Mi ò sọ fún wọn rí, èèyàn kì í sọ irú ẹ̀ fún àna.


Ajé, 15 oṣù kẹjọ

Òní ló yẹ kí wọ́n bí Túnráyọ̀. Màmá ní kí a kí i káàbọ̀. A se ìrẹsì, Àjàgbé mu Fáńtà méjì. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tan ẹ̀rọ táyà rẹ̀ padà, ariwo náà wá ń dùn mọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì Bọ́láwùmí ní ọmọ ò tíì gbàgbé láti mí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewu ti ń kọjá. Ó ní kí a ṣì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo ní ó dáa. Ká tiẹ̀ ní kò sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní yọ ọ́.


Àìkú, 21 oṣù kẹjọ

Ẹsẹ̀ Màmá wú. Wọ́n ní bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ló kéré. Dókítà fi kún oògùn wọn lánàá.


Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ. Ṣakí.

Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tí mo wálé wá jẹ. Aago dún. Moróunkẹ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Iná pupa ń ṣẹ́jú, kíjikíji. Ewé dákẹ́. Túnráyọ̀ ń sùn lórí àyà wọn, ọwọ́ Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń gbé e sí. Wọn ò yọ́ bọ́ sílẹ̀, orí ìrọ̀rí ni wọ́n wà, gèlè wọn wà lórí. Moróunkẹ́ ta wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó tún ta wọ́n. Ó ń pe, "Màmá mi, ẹ mí, ẹ gbàgbé ni," ó ń ta wọ́n. Mo gbé ọmọ. Aago ṣì ń dún, kò sẹ́ni tó pa á. Nígbà tó pẹ́, mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú.

Àjàgbé ló sáré lọ pe dókítà. Kò sí ohun tí dókítà lè ṣe.

Láàárọ̀ òní, mo yọ bátìrì kúrò lára ẹ̀rọ, mo dá a padà sínú Dátísọ̀n. Ọkọ̀ tí a háyà gbé Màmá síwájú, àwa tẹ̀ lé wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti oṣù kẹfà tí ohunkóhun ò gbọ́ èémí Túnráyọ̀. Moróunkẹ́ gbé e lé àyà lẹ́yìn mọ́tò, ó fi òjá Màmá dì í mọ́ra.

Nígbà tí a kọjá Ìsẹ́yìn, mo bi í láì wẹ̀yìn, "Ṣé ó ń mí?"

Mo rí i nínú dígí tó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. "Ó ń mí."

Mo tún bi í ní Àgọ́-Àrẹ. Ó ní ó ń mí.